Kànga Káńsù Lórí Ilẹ̀ Àánú

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kejì, 2010

Fúnláyọ̀, ìyàwó Adéníyì ọmọ mi, ló ń kọ èyí. Èmi Abímbọ́lá ni mò ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo sọ, torí náà kó má gé e kúrú, kó má sì fi iyọ̀ sí i. Káńsù ló fún mi ní ìwé yìí. Àwòrán alága wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Màá kọ ọ́, torí káńsù a máa gbàgbé.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pe gbogbo òpópónà wa sípàdé níwájú ilé mi ní Addo. Ọ̀gbẹ́ni Victor ni wọ́n rán wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ó ní ìjọba fẹ́ gbọ́ ohùn ará ìlú. Kí òpópónà kọ̀ọ̀kan dárúkọ ohun kan ṣoṣo, káńsù á ṣe é. A ní omi. Ó ní ṣé kì í ṣe gbọ̀ngàn ìpàdé la fẹ́? A ní omi. Ó ní gbọ̀ngàn ìpàdé ló wà nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀. A ní kí wọ́n tẹ òmíràn.

Ó wá kan ẹni tó máa ṣe alága ìgbìmọ̀. Bàbá onílé méjì dìde, wọ́n fẹ́ fi àga na ara wọn. Victor ní bí a ò bá mú ẹnì kan kí òun tó ka mẹ́wàá, òun ń lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, òpópónà kan wà níbẹ̀ tó ń dúró de irú kànga ẹ̀rọ yìí. Ó ka dé mẹ́jọ. Mo ní èmi ni. Ó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Bí omi kò bá yọ títí ìparí oṣù kẹta, wọn á ti ìwé wa pa, kànga á di ti Ṣàngótẹ̀dó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ṣèyílọ́lá ọmọ mi obìnrin wá láti VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un pé tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mo ṣe ń ru omi sọdá títì márosẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. Ó fun fèrè, èmi náà sì bú u. Garawa nìkan ló fọ́.

Kí ni mò ń wá lórí títì? Omi kànga àgbàlá mi ti pọ́n bíi tíì, ó ń rùn bí ìṣó tó dógùn-ún. Mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke omi kiri ń ta kẹ́ẹ̀gì ní ọgbọ̀n náírà. Ogún ni kí ọdún tuntun tó dé. Ilé epo tó wà ní òdìkejì ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ títì náà lójú, òdìkejì ti jìnnà bí ìlú mìíràn.

Ṣèyílọ́lá ní, "Ìyá, ó tó. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá yín wà níbẹ̀, omi ń yọ lára ògiri."

Mo ti sùn síbẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó kí mi àfi ajá. Bí mo bá fẹ́ jáde, ẹ̀ṣọ́ géètì á bi mí níbo. Mo ti ń lọ síbi tí mò ń lọ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀.

Mo ní káńsù ń bọ̀ wá gbẹ́ kànga. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú. Mo ní bí omi tó ṣeé mu kò bá yọ lórí òpópónà yìí kí oṣù kẹta tó parí, màá di ẹrù mi tẹ̀lé e. Mo fi orúkọ bàbá rẹ̀ búra. Adéníyì gbọ́, Fúnláyọ̀ gbọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Bí mo bá lọ, pálọ̀ mi di ti Fúnláyọ̀. Ó mọ̀, mo mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ èyí. Kò fi lẹ́tà kan sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Ooru. Ewúrẹ́ ń sùn nínú gọ́tà. Ọkùnrin méjì láti káńsù gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n na wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin, kí ẹ̀rọ náà lè sọ ibi tí omi dídùn wà lábẹ́ ilẹ̀. Níwájú ilé mi, omi iyọ̀ ni. Níwájú mọ́ṣáláṣí, omi iyọ̀ ni. Wọn ò sọ ibi tó dára fún mi. Wọ́n ní ó dìgbà tí ọ̀gá bá buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Fúnláyọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òórùn èéfín wà lára rẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ló ń lọ. Wọ́n ní àgbàlá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ àánú. Wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n da yanrìn funfun sínú rẹ̀, ẹni tí ayé bá sú á lọ yí níbẹ̀, á sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàtà kì í débẹ̀.

Wọ́n dé lówùúrọ̀ yìí, wọ́n bá èèkàn kan láàárín ilẹ̀ àánú, aṣọ pupa lọ́rùn rẹ̀, nọ́ńbà 7 lára rẹ̀. Wòlíì wọn ní ọ̀tá ti kan ogún ìjọ mọ́lẹ̀ fún ọdún méje. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọrin yí i ká, wọ́n da òróró sí i, wọ́n sun ún. Fúnláyọ̀ ní ó jó dáadáa.

Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ sí i yàtọ̀ sí méje. Ó ní lẹ́tà mẹ́ta kan. Ó mú ìwé yìí láti kọ wọ́n hàn mí, ó yí i padà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́tà mẹ́ta náà ló wà lókè orí alága káńsù lẹ́yìn ìwé.

Mo ní, "Fúnláyọ̀, ẹ ti dáná sun káńsù."

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù kẹta

Victor dé. Ó bi mí ẹni tó hú èèkàn ìjọba. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ó ní ṣé afẹ́fẹ́ náà ló sun ún? Mo ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni, gbogbo nǹkan ló ń jó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún wọn ilẹ̀. Ilẹ̀ àánú kan náà ni. Kò sí omi dídùn níbòmíràn ní òpópónà wa.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ìpàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilẹ̀ àánú. Wòlíì Ọdúnjọ jáde sí wa pẹ̀lú aṣọ funfun àti àmùrè rẹ̀. Ọjọ́rú àti Àìkú ló ń ṣe wòlíì. Ọjọ́ yòókù, káfíńtà ni níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ṣàngótẹ̀dó. Mo rò pé ó máa bá wa jà. Kò jà.

Ó ní, "Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ omi? Bàtà ni mi ò gbà. Ẹni tó bá máa gbẹ́ ibí, kó bọ́ bàtà."

Victor fa ìwé yọ. "Bàbá, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní sáìtì káńsù láìwọ búùtù onírin. Tí irin bá já lu èèyàn lẹ́sẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní já lù ú."

"Ṣé ẹ máa buwọ́ lùwé pé kò ní já lù ú?"

"Ẹ̀mí kì í buwọ́ lùwé."

Mo wo ẹsẹ̀ Victor fúnra rẹ̀. Bàtà ọ́fíìsì ló wọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu asín. Mo ní, "Búùtù onírin tìẹ dà?" Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ sáìtì." Mo ní a ti rí i.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan béèrè bóyá bàtà ni ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gbà wá títí oòrùn fi dé àtàrí. Àwọn kan ní bàtà ni, torí inú bàtà ló ń gbé. Àwọn kan ní aṣọ ni. Wòlíì ní òun á gbàdúrà sí i. A tú ká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Gàníyù mú àbá wá. Òun ni olórí àwọn bíríkìlà tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé mi, ọmọ Ìkìrun ni. Ó ní kí wọ́n tẹ́ pákó sórí yanrìn, kí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lórí pákó. Mo rò pé pákó á wu káfíńtà. Wòlíì rò ó títí. Ó ní pákó tí èèyàn bá fi bàtà tẹ̀ ti di àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Gàníyù ní ṣé ká máa pọn òṣìṣẹ́ ni? Mo ní kó lọ sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Kẹ́ẹ̀gì omi ti di àádọ́ta náírà. Mẹ́ruwà ní títì ló gùn sí i. Títì kan náà ni.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ọkùnrin mẹ́ta láti òpópónà Ṣàngótẹ̀dó tó ń dúró de kànga wa wá kí wa. Wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Ọ̀kan nínú wọn mú okùn ìwọnlẹ̀ dání. Wọ́n kí mi bí ẹni ń kí olókùú. Wọ́n béèrè bóyá ara mi le. Mo ní ó le ju tiwọn lọ.

Mo bu omi kànga mi fún wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ìyá, tiwa dúdú jù yìí lọ." Mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ṣèyílọ́lá pè lórí fóònù. Ó ní àwọ̀ wo ni mo fẹ́ fún kọ́tìnì yàrá mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa fóònù. Bátìrì ni mo yọ.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo lọ bá Wòlíì Ọdúnjọ níbi iṣẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó. Kò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ó wà lórí àkàsọ̀ níwájú ilé alájà mẹ́ta, ìṣó mẹ́rin lẹ́nu, búùtù onírin lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Mo dúró nísàlẹ̀, mò ń wò ó. Nígbà tó rí mi, ó tu ìṣó.

"Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́ o. Búùtù yẹn bá yín mu."

"Ìyá, ibi iṣẹ́ nìyí. Tí irin bá já…" Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù. Kò ní já lù yín."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ojú ń tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tìtorí ìyẹn wá. Mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Mo ní, "Yanrìn ilẹ̀ àánú yín, níbo ló ti wá?"

"Etí òkun ni, Ìyá. Ọdún tí a kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá?"

"Típà ló kó o."

"Ṣé dírẹ́bà típà náà bọ́ bàtà?"

Ó ronú. Olóòótọ́ ni, mi ò lè fi ìyẹn dù ú. "Sílípáàsì ló wọ̀. Àmọ́ ìgbà tó dà á sílẹ̀ tán la yà á sí mímọ́."

"Kí lẹ yà sí mímọ́, ilẹ̀ ni àbí yanrìn?"

Ó ń ṣa ìṣó tó tu sílẹ̀.

Mo ní, "Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, kí lẹ wá ń ra yanrìn sí? Tó bá jẹ́ yanrìn ni, ohun tí típà kó wá, orí èèyàn lè kó o lọ. Apá òsì ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣófo. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ."

Ó ní ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, òun á gbé e síwájú Ẹ̀mí fún ọjọ́ méje. Mo ní kó bẹ Ẹ̀mí kó ṣe é ní mẹ́ta, káńsù ń ti ìwé. Ó ní a kì í ná Ẹ̀mí bí ẹní ná ẹja. Mo ná a. A fi í sí Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Fúnláyọ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ní nígbà orin kẹta, Ẹ̀mí gbé òun, òun sì rí yanrìn funfun tó ń rìn fúnra rẹ̀ láti apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí apá òsì, omi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó kígbe rẹ̀ síta. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wòlíì ní òun náà ti ń rí i bọ̀ látàná, kò kàn tíì mọ́lẹ̀ dáadáa ni.

Mi ò bi í bóyá lóòótọ́ ló rí i. Òun ló ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ pé lóòótọ́ ni. Ó ti kọ ọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ti sọ̀rọ̀ sí i lórí ọbẹ̀, lórí ìgbálẹ̀, lórí bó ṣe ń pọn ọmọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kó di onípálọ̀. Ó ní kí ni kí òun kọ tẹ̀lé e. Mo ní kó ti ìwé, kó lọ jẹun. Ẹja ńlá inú ìkòkò ni kó mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Wòlíì fi àṣẹ ránṣẹ́. Ẹni tó bá máa ru yanrìn kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ mutí fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ṣépè, kò gbọdọ̀ bú èèyàn. Mo kà á fún Gàníyù láti inú orí mi. Gàníyù ní ti bàtà rọrùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká. Kò sẹ́ni tó lè jáde lórí títì kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìdí tí mo fi mú ọjọ́ náà nìyẹn: bíríkìlà méjìlá, kò sí ibi tí wọ́n máa sá gbà.

Àwọn àti ará òpópónà tò láti ọ̀tún dé òsì, páànù lórí, ẹsẹ̀ lásán. Àwọn obìnrin ìjọ ń kọrin. Gàníyù, tó ti kírun àárọ̀, ló gba orin náà jù. Akínọ̀ṣọ́, ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà, tẹ ẹ̀gún. Ó ya ẹnu, gbogbo wa rí èpè tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó rántí. Ó ní, "Halelúyà!" Ohùn tó fi pè é, èpè ṣì ni.

Victor dé pẹ̀lú ayàwòrán káńsù. Ó rí ogójì èèyàn tó ń kó nǹkan lórí, ó ní òpópónà wa ló ń kó ìdọ̀tí jù ní gbogbo Addo. Wòlíì gbọ́ "ìdọ̀tí." Ó ya ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n yàwòrán wa, wọ́n fún wa ní ọmọlanke tuntun kan, ẹ̀bùn òpópónà tó mọ́ jù.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, yanrìn tán. Ilẹ̀ dúdú fara hàn, ìdérí ìgò kan, àti lábẹ́ ibi tí ó mọ́ jù, níbi tí bàtà kì í dé, sílípáàsì kan. Ẹsẹ̀ òsì. Ó ti rà díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Wòlíì mú un lọ́wọ́, ó wò ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà típà wà lẹ́nu mi. Ó nira fún mi, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́.

Nígbà tó yá ó ní, "Ilẹ̀ lásán nìyí. Kí wọ́n wọ búùtù."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Lánàá, ọkọ̀ agbẹ́kànga kò dé. Lónìí náà kò dé. Kàtàpílà wà lórí títì, wọ́n ti darí ọkọ̀ gba ibòmíràn. Victor ní ó ti dé Jákáńdè. Lọ́sàn-án ó ní ó ti dé Jákáńdè. Nírọ̀lẹ́ mo ní kó dárúkọ ibòmíràn, kó kàn fi tù mí nínú.

Ṣèyílọ́lá ní òun ń bọ̀ lọ́la ní aago méjìlá. Mo di ẹrù. Àpótí kan. Mo ti búra, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò búra.

Ọjọ́rú, 31

Ọkọ̀ dé ní aago mẹ́jọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ilé ń gbọ̀n.

Ṣèyílọ́lá dé ní aago méjìlá gééré. "Ìyá, omi dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Ẹ ò búra pé ó ń bọ̀."

Òótọ́ ni. Ó gbé àpótí mi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé á fi mí ṣẹ̀sín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá gbé yín lórí títì." Mo ní mo mọ̀. Mo ní ọjọ́ kò tíì ṣú. Ó ní kò burú, ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó. Èmi náà gbé àpótí ìjókòó mi síwájú ẹ̀rọ. Báyìí la jókòó, òun ń wò mí, mò ń wo ihò.

Ní aago méjì, ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Adéníyì sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní omi tó pàdé yanrìn ni wọ́n ń pè ní ẹrẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Ṣèyílọ́lá ní kó mu ún. Ó padà.

Aago mẹ́ta, ẹrẹ̀. Àwọn ará Ṣàngótẹ̀dó mẹ́ta ti dé, wọ́n dúró lábẹ́ igi mágòrò, wọn ò fi wá ṣẹlẹ́yà rárá. Wòlíì ń gbàdúrà. Gàníyù ń gbàdúrà tiẹ̀. Victor ń gé èékánná jẹ.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ohùn ẹ̀rọ yí padà. Omi ta sókè, ó pupa, ó tún rí bí ògì, ó wá mọ́. Ó dà lé Victor lórí, táì, ìwé àti bàtà ẹlẹ́nu asín. Victor ń jó nínú ẹrẹ̀, ó ń pè mí ní "alága mi, alága mi."

Mo bù ú, mo tọ́ ọ wò. Kò níyọ̀. Kò rùn. Mo tún tọ́ ọ wò, kí n má parọ́ fún ara mi. Mo gbé ife lọ bá Ṣèyílọ́lá nínú ọkọ̀. Ó mu ún tán. Ó gba òmíràn. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀, ó sítáàtì ọkọ̀, ó lọ.

Ó gbé àpótí mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kẹrin

Mo sùn títí oòrùn fi là. Mi ò sọdá títì kankan.

Ìwé náà ti kún, nítorí náà kí Fúnláyọ̀ kọ àwọn tó máa lọ sọ fún. Àwọn ará Ṣàngótẹ̀dó ni àkọ́kọ́, kí lẹ́tà káńsù tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kó má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kó ní mo sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún ń lọ sí káńsù, kí wọ́n yà mú mi. Mo mọ àga tí Victor ń jókòó sí, mo sì lè jókòó sí iwájú rẹ̀ títí tí wọn á fi gbẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn wọn, kó sọ fún mẹ́ruwà pé kó má gba òpópónà wa mọ́, kó má bàa rẹ ara rẹ̀. Kó sọ fún Wòlíì pé ìjọ rẹ̀ á bu omi ṣáájú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Èmi ni ìgbìmọ̀.

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti sọ fún Fúnláyọ̀. Òun náà ló ń kọ ọ́.

Kó wá pe Ṣèyílọ́lá. Kó ní kó má wulẹ̀ gbé àpótí náà padà wá, mò ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Kó fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ géètì. Kó sebẹ̀ tó dáa. Mi ò ní sùn síbẹ̀.